Ṣé Ẹ Mọ̀ Bí Wọ́n Ṣe Ń Pe Àgbà?

Ṣé ẹ mọ̀ pé ní Apákun, létí títì tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, orúkọ àgbà kì í tán lẹ́nu èrò ọkọ̀? Yorùbá á ní Bàbá, Ìgbò á ní Dede, Haúsá á pe bàbá àgbà ní Kaka.

Ṣé ẹ mọ̀ pé èdè Ìgbò kò ní “ẹ” àpọ́nlé bíi tiwa? “Gị” tí wọ́n ń lò fún ọmọdé náà ni wọ́n ń lò fún arúgbó. Nítorí náà, bí oníṣòwò Ìgbò bá ní, “Màmá, ṣé o ti jẹun?”, kò rí màmá fín rárá. “Màmá” tó fi ṣáájú yẹn ni ọ̀wọ̀ rẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá torí “o” kan ṣoṣo pe ọmọlúàbí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé “Migwo” tí Urhobo fi ń kí àgbà, “mo kúnlẹ̀” ni? Àgbà á dáhùn pé “Vrendo”: dìde.

Ní Tanzania, “Shikamoo” ni ìkíni, “Marahaba” ni èsì. Ní Philippines, wọ́n ń fi “po” ọ̀wọ̀ há inú ọ̀rọ̀, ọmọdé á sì gbé ọwọ́ àgbà kan iwájú orí ara rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé “Nana” kan náà ni Akan ní Gánà ń pe ìyá àgbà, bàbá àgbà àti ọba?

“Mzee”, ìyẹn àgbàlagbà, ni Kenya ń pe Jomo Kenyatta títí ó fi kú lọ́dún 1978. Orúkọ ìran rẹ̀ ni wọ́n fi pọ́n Mandela lé: Madiba.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Japan ń gba ìsinmi nítorí àwọn àgbà, ní ọjọ́ Ajé kẹta oṣù Kẹsàn-án?

Nílé wa ńkọ́? Kẹ́hìndé tó dé gbẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n Táyéwò. Bẹ́ẹ̀ ni ará ilé ọkọ kì í ka ọjọ́ orí ìyàwó: ọjọ́ tó wọlé ni wọ́n ń kà. Ọmọ tó bá ti wà nílẹ̀ kó tó dé, bó tilẹ̀ kéré, ọkọ rẹ̀ ni. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ló bá ń sọ wọ́n lórúkọ tuntun: Ìbàdí-àrán, Akọ̀wé, Eyínfúnjowó, Ìdílẹ̀kẹ̀. Ẹ bi ìyá àgbà ilé yín léèrè. Ó ṣeé ṣe kó má tíì dárúkọ àbísọ àbúrò ọkọ rẹ̀ títí dòní.