Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀tọ́ ọmọ Okun

Nínú ọlidé gígùn ọdún 2025, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wọn ní Kábà pẹ̀lú ìwé sáyẹ́ǹsì rẹ̀. Pírámárì fọ́ọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ojú ewé tó ṣí dá lórí oríṣi ilẹ̀, ó sì ń kà á sókè bí ẹni ń kọrin: loamy, sandy, clay. Mo bi í pé èwo ni iṣu fẹ́ràn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wo ìwé, ó wo ojú mi, ó dákẹ́. Mo yí ìbéèrè náà sí Yorùbá inú ìwé, ó ṣì ń wò mí. Ìyá wa tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló bá bi í ní Owé, ìyẹn ẹ̀ka èdè tiwa. Ẹnu ọmọ náà là. Ó ní ilẹ̀ etí odò máa ń gba omi jù, iṣu ibẹ̀ á jẹrà. Ó ní iṣu inú ilẹ̀ olókùúta máa ń wọ́. Ó ní ilẹ̀ dúdú tí ewé ti rà sí ni bàbá àgbà òun fi ń kọ ebè tó ga jù lọ. Ó tún bu erùpẹ̀, ó fún un sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi bí àgbẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti tó kọ hàn wá. Mo ṣí ìwé ìdánwò rẹ̀ wò. Lórí ẹ̀kọ́ yìí kan náà, mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni olùkọ́ fún un.

Máàkì mẹ́ta yẹn kò sọ ohunkóhun nípa ohun tí ọmọ yìí mọ̀ nípa ilẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló padà sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún náà, nígbà tí Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde ní Àbújá, níbi àpérò tí British Council ṣe lórí èdè nínú ẹ̀kọ́, pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọdé. Láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí olùkọ́ máa fi kọ́ni. Ìdí tí mínísítà fi lélẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìṣirò yìí wò díẹ̀. Ọdún 1977 ni ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti kọ́kọ́ ní kí èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ṣáájú ní ìbẹ̀rẹ̀ pírámárì. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ọdún mẹ́fà gbáko, nígbà tí Adamu Adamu jẹ́ mínísítà. Adamu fúnra rẹ̀ kò fi pamọ́ pé iṣẹ́ ńlá ni, pé ìwé àti olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà. Ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025 ti wà ní SS1 lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà yẹn. Pírámárì ti di ìtàn fún un. Bí ó bá fìdí rẹmi, ẹ̀bi ìlànà 2022 kọ́. Ti 1977 náà ńkọ́? Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó lọ sí ilé-ìwé aládàáni nílùú ńlá bóyá ó rí i lójú rí.

Lẹ́yìn ìkéde náà, ariwo pọ̀. Àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì ni oúnjẹ ọmọ, àwọn kan ní wọ́n fẹ́ pa Yorùbá. Mo gbọ́ ti ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: láìní krẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn yunifásítì tì, ẹni tó bá sì jókòó sí JAMB, Use of English di dandan fún un, ọgọ́ta ìbéèrè, nígbà tí àwọn yòókù jẹ́ ogójì ogójì. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú gbogbo ariwo náà, ẹni díẹ̀ ló béèrè ohun tí ìlú jẹ ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní gbèsè nígbà tó ṣì ń kọ́ ọ.

Ibi tí wọ́n ti dáhùn ìbéèrè yẹn ní kòtù ni Amẹ́ríkà. Ní San Francisco, àwọn ọmọ Ṣáínà bí 1,800 wà ní kíláàsì láìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìwé kan náà, àga kan náà, olùkọ́ kan náà ni àwọn àti àwọn ọmọ yòókù ń lò, ilé-ìwé sì ní ìyẹn ti tó. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1974, nínú ẹjọ́ Lau àti Nichols, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò tó. Àwọn adájọ́ ní kíkó ìwé kan náà fún gbogbo ọmọ kò sọ wọ́n di ọgbọọgba bí apá kan nínú wọn kò bá gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé. Kòtù kò pàṣẹ pé Ṣáínà ni kí wọ́n fi kọ́ wọn. Ohun tó sọ ni pé ilé-ìwé gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, nínú ẹjọ́ Castañeda tó ti Texas wá, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn là á síwájú bí wọ́n ṣe máa mọ̀ bóyá ilé-ìwé ń ṣe ojúṣe rẹ̀. Ṣé ọ̀nà tí ẹ ń gbà kọ́ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ lójú àwọn tó mọ iṣẹ́? Ṣé ẹ fi olùkọ́ àti ohun èlò tì í lẹ́yìn? Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọmọ náà ti ń gbọ́ lóòótọ́? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba ibẹ̀ yọ ìwé ìtọ́nisọ́nà tí wọ́n kọ ní 2015 lórí ọ̀rọ̀ yìí kúrò, ẹ̀rù sì ń ba àwọn òbí, ṣùgbọ́n ìdájọ́ méjèèjì àti òfin tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe ní 1974 ṣì dúró. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Houston lọ́la, ilé-ìwé ìjọba tó bá wọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wò, kí wọ́n ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n sì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè tó yé e. Ní Kábà tí wọ́n bí i sí, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ní ìkankan nínú rẹ̀.

Mo fi ìbéèrè mẹ́ta yẹn wo tiwa. Ti àkọ́kọ́, a ní ìdáhùn tó ju ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, Ford Foundation sì gbé owó sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù. Gẹ̀ẹ́sì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan, wọ́n sì wá olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú fún un. Wọ́n ní láti jókòó kọ ìwé tuntun, nítorí kò sí èyí tí wọ́n lè rà lọ́jà. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè kejì ni a ti ṣubú: olùkọ́ kò tó, ìwé kò sí. Ẹ̀kẹta, a kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ kí wọ́n tó fagi lé ìlànà náà.

Ti ilẹ̀ Okun wá tún ní ìdíwọ́ tirẹ̀. Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀: gbogbo wa ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìkíni wa, "Okun", sọ lórúkọ. Ọ̀yọ́ ni Yorùbá inú ìwé fi ṣe ìpìlẹ̀, a sì ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ohùn ìbátan tó ń gbé lókèèrè. Láyé ọjọ́un, lábẹ́ ìjọba Àríwá ni Ẹkùn Kábà wà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1955 dúró sí ẹnu ààlà. A bọ́ sí Kwara ní 1967, a bọ́ sí Kogí ní 1991. Nítorí náà, òkè méjì ni ọmọ wa ń gùn: láti Owé dé Yorùbá ìwé, láti ibẹ̀ dé Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n bá ní "èdè abínibí" ní Àbújá, Yorùbá ìwé ni wọ́n ní lọ́kàn, ọmọ ẹ̀yìnkùlé wa sì ti fi hàn mí pé ìyẹn nìkan kò lè gbé e dé ibi tó ń lọ. Ẹ má sì gbàgbé ọmọ Ẹbira tí àwọn òbí rẹ̀ ń dáko lágbègbè wa. Òun náà jókòó sí kíláàsì yẹn, Owé kì í sì í ṣe èdè ìyá tirẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún gbọ́dọ̀ kárí rẹ̀.

Òfin wa kò dákẹ́ pátápátá. Ìwé òfin 1999, ní abala 18, ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ lọ́gbọọgba fún gbogbo èèyàn, àmọ́ inú orí kejì ló wà, èyí tí abala 6 kò jẹ́ kí a fi pe ìjọba lẹ́jọ́. Ẹgbẹ́ SERAP gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n gbé ìjọba lọ sí kòtù ECOWAS, kòtù náà sì ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ṣeé béèrè lábẹ́ Ìwé Àdéhùn Áfíríkà. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1991 tún ní kí ẹ̀kọ́ kọ́ ọmọ láti bọ̀wọ̀ fún èdè tirẹ̀, kí ìjìyà ilé-ìwé má sì tẹ́ ọmọ. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí ilé-ìwé kan tí mo lọ, níbi tí orúkọ ẹni tó bá sọ vernacular ti máa ń wọ ìwé mọ́nítọ̀, tí a ó sì kúnlẹ̀ níwájú àsẹ́ńbílì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun tí ìkúnlẹ̀ yẹn kọ́ mi ni bí a ṣe ń dákẹ́. Ọdún púpọ̀ ni mo fi dákẹ́ ní kíláàsì.

Lágbàáyé, ẹnu kò kò. Ní oṣù Kẹwàá 2025, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìkéde tiwa, mínísítà ẹ̀kọ́ Gánà pàṣẹ pé kí olùkọ́ máa lo èdè abínibí. Philippines fà sẹ́yìn nínú tirẹ̀ ní 2024.

Mo sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Kò bi mí nípa Gánà. Ó bi mí bóyá òfin kan ní kí olùkọ́ má ṣàlàyé ilẹ̀ ní Owé kó tó kọ loamy sójú bọ́ọ̀dù, bóyá òfin kan ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ pírámárì fi ẹnu dáhùn nígbà tí kò bá lè kọ ọ́. Ó ní òun máa béèrè ní ìpàdé PTA tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti wọ ilé-ìwé náà, kò tíì la ẹnu níbẹ̀ rí, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, Owé ni òun máa sọ.