Èrè Onífíìmù Ń Bọ́ Sọ́wọ́ Olè Àdàkọ

Ìlú Jọ́ọ̀sì ni olú ilé iṣẹ́ Àjọ Fíìmù Nàìjíríà wà, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1979. Ibẹ̀ náà ni ìjọba ń kó àwọn fíìmù àtijọ́ pamọ́ sí. Nínú ilé ìpamọ́ yìí ni wọ́n ti rí “Shaihu Umar”, tí Adamu Halilu ṣe ní ọdún 1976, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ó ti sọnù. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n ní ìlú kan náà, ẹni tó bá fẹ́ wo fíìmù tuntun kò ní láti dé ilé sinimá kankan. Owó díẹ̀ ni yóò fún ọmọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ìyẹn yóò sì da fíìmù kún inú káàdì fóònù rẹ̀.

Ó yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lẹ́yìn odi mọ ọ̀nà tí fíìmù ń gbà dé ibẹ̀, nítorí òùngbẹ èdè abínibí wọn gan-an ni àwọn olè fi ń ṣòwò. Ẹnìkan yóò gbé fóònù wọ ilé sinimá, yóò sì ká fíìmù náà sílẹ̀; ẹlòmíràn yóò san owó oṣù kan fún ilé iṣẹ́ tó ń fi fíìmù hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì da gbogbo rẹ̀ kọ. Wọ́n á wá gbé e sí ìkànnì kan tàbí sórí Telegram, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó. Bí èrò bá ṣe pọ̀ tó níbẹ̀ ni owó ìpolówó ọjà ń wọlé tó. Bí wọ́n bá ti ìkànnì náà pa lónìí, olówò náà á yí orúkọ rẹ̀ padà díẹ̀, á sì tún pàtẹ lọ́la.

Ti fíìmù Íńdíà tilẹ̀ lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Òkè-Ọya ti fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ará Lẹ́bánónì tó ni ilé sinimá ló ń kó o wọlé nígbà náà. Lóde òní, àwọn kan ní Kánò ń yọ ohùn inú rẹ̀, wọ́n sì ń fi ohùn Haúsá rọ́pò. Bí olè bá gbé irú èyí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni méjì ló jà lólè: ẹni tó ṣe é ní Íńdíà, àti ẹni tó sanwó fún àwọn olóhùn. Bí ẹni kejì yìí kò bá sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, olè ló ń ja olè lólè nìyẹn.

Nígbà tí Hubert Ogunde gbé “Aiye” jáde ní ọdún 1979, onífíìmù fúnra rẹ̀ ló ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú, àwọn ènìyàn rẹ̀ ló sì ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n “Malaika”, tí Toyin Abraham gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, kò tíì pẹ́ ní ilé sinimá tí àdàkọ rẹ̀ fi gba ìgboro, tí obìnrin náà sì fi igbe ta.

Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, fún onífíìmù láṣẹ láti kọ̀wé pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lórí ìkànnì, àmọ́ ìwé kì í sáré tó olè. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ onífíìmù Yorùbá ṣe ń gbé fíìmù wọn sí YouTube fúnra wọn. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń wò ó, owó ìpolówó sì ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣiṣẹ́. Kí ẹni tó wà ní Jọ́ọ̀sì ṣáà wo orúkọ ìkànnì náà dáadáa kó tó tẹ̀ ẹ́, nítorí àwọn olè a máa fi orúkọ òṣèré ṣí ti wọn níbẹ̀ pẹ̀lú.