Fíláàṣì LED

Fíláàṣì LED jẹ́ ohun èlò iná mànàmáná tí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ líle fún ìgbà kúkúrú, kí kámẹ́rà lè ya àwòrán níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó. Orísun ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni LED, ìyẹn díódù tí ó máa ń tàn nígbà tí iná bá ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá. Irú rẹ̀ ni ó wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù alágbèéká, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀rọ sì lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Ìṣòro pàtàkì tí ó wà nínú ṣíṣe é ni bí orísun iná kékeré yóò ṣe pèsè iná púpọ̀ láàárín àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ìtàn

Ní àwọn ọdún 1930, Harold Edgerton, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, fi túùbù tí gáàsì wà nínú rẹ̀ ya àwòrán àwọn ohun tí ń yára kọjá. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni fíláàṣì xenon ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1962, Nick Holonyak ṣe LED tí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa ní ilé-iṣẹ́ General Electric. LED funfun kò ṣeé ṣe títí di ìgbà tí LED aláwọ̀ búlúù tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa fi jáde ní àwọn ọdún 1990, nítorí pé LED búlúù tí a fi èròjà aláwọ̀ ìyeyè bò ni ọ̀pọ̀ LED funfun. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura gba Ẹ̀bùn Nobel nínú Físíksì fún iṣẹ́ yìí ní ọdún 2014.

Ìyàtọ̀ sí fíláàṣì xenon

Kàpásítọ̀ 120 µF tí a fi iná 300 V kún nínú fíláàṣì xenon kékeré ń tọ́jú agbára 5.4 J, ó sì lè tú u jáde láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá (1 ms). LED tí ó ń lo 1 A ní 3.2 V kò lè gba ju 0.0032 J lọ láàárín àkókò kan náà. Lóòótọ́, LED ń sọ ìdá tí ó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ di ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò tó láti dí àlàfo náà. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ohun tí à ń yà, tàbí kí ó pẹ́ kí ó tó kú. Bí ó bá sì pẹ́ jù, ohun tí ń rìn yóò hàn bàìbàì nínú àwòrán.

Àǹfààní LED ni ààbò. Kàpásítọ̀ fíláàṣì xenon lè gbé ènìyàn gìrì lọ́nà tí ó léwu, kódà lẹ́yìn tí a bá ti yọ bátìrì rẹ̀. Àyíká iná LED tí ó ń lo 5 V kò ní ewu yìí, ìdí nìyí tí ó fi yẹ fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́.

Àwọn ẹ̀yà àyíká iná

Àpẹẹrẹ yìí ń lo orísun iná 5 V, pẹ̀lú LED tí ó ń gba 1 A ní 3.2 V.

Rẹsísítọ̀ LED: Fóltéèjì tí ó ṣẹ́kù jẹ́ 1.8 V, nítorí náà 1.8 Ω ni a nílò. Láìsí i, ìṣàn iná yóò pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, LED yóò sì jó.

Kàpásítọ̀: Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ti àmù tí a ń fi ife pọn omi kún díẹ̀díẹ̀, tí a sì wá dà á nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí 4,700 µF bá ń bọ́ LED fún 2 ms, fóltéèjì rẹ̀ yóò fi nǹkan bí 0.4 V lọ sílẹ̀, ìṣàn iná yóò sì dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ní 10 ms, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni yóò ṣẹ́kù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ lo kàpásítọ̀ tí ó tóbi jù.

Rẹsísítọ̀ ìkún: 47 Ω láàárín orísun iná àti kàpásítọ̀ kò jẹ́ kí iná tí a ń fà ju nǹkan bí 0.11 A lọ. Kàpásítọ̀ yóò tún kún láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan. Rẹsísítọ̀ yìí kan náà ni ó ń dáàbò bo LED bí súìṣì bá há ní títàn, nítorí pé ìṣàn iná kò ní ju nǹkan bí 0.05 A lọ.

Súìṣì: Tàǹsísítọ̀ MOSFET tí 5 V lè ṣí tán ni ó ń tan LED. Rẹsísítọ̀ 10 kΩ láti ẹsẹ̀ àṣẹ rẹ̀ sí ilẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó tàn fúnra rẹ̀.

Olùdíwọ̀n àkókò: Ẹ̀rọ 555 irú CMOS, tí ó ń gba iná tààrà láti orísun, ni ó ń pinnu bí LED yóò ṣe pẹ́ tó. Àkókò náà jẹ́ 1.1 × R × C. Nítorí náà, 18 kΩ àti 0.1 µF yóò fún wa ní nǹkan bí 2 ms.

Lílò pẹ̀lú kámẹ́rà

Ìdérí kámẹ́rà, tí à ń pè ní ṣọ́tà, gbọ́dọ̀ ṣí tán kí fíláàṣì tó tàn. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, 1/60 ìṣẹ́jú-àáyá tó fún èyí. Kámẹ́rà ọ̀pọ̀ fóònù ń ka àwòrán ní ìlà-dé-ìlà, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ 2 ms lè hàn ní apá kan àwòrán nìkan. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ni yóò kan ohun tí à ń yà. Nítorí èyí, òdòdó, kòkòrò àti ẹ̀kán omi tí ó wà nítòsí ni ó yẹ jù fún fíláàṣì kékeré yìí.

Ààbò

A kò gbọdọ̀ wo LED tààrà nígbà tí a bá ń dán an wò. Bí a bá tún àyíká iná náà ṣe kí ó lè máa ṣẹ́jú léraléra, ìmọ́lẹ̀ tí ń ṣẹ́ ní ìgbà 3 sí 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan lè fa gìrì fún àwọn kan tí wọ́n ní wárápá.