Akọ Oyin Kò Ní Bàbá: Àlàyé lórí Ìran Oyin àti Ewu tí Ó Dojú Kọ Wọ́n

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ kan tí à ń ka àyọkà kan lórí oyin ní kíláàsì, mo ṣàlàyé pé abo ni gbogbo oyin tí ń ṣiṣẹ́, àti pé abo ni ọba wọn pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́, ó ní, 'Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta wá ni bàbá àwọn akọ oyin?' Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì dáhùn pé ọkọ ọba wọn ni. Ìgbà tí mo bi olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí léèrè ni mo tó mọ̀ pé mo ti ṣi ọmọ náà lọ́nà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, n ó gbìyànjú láti fi ìdáhùn tí ó tọ́ sí ipò rẹ̀, àti láti fi hàn pé ìdáhùn náà kan ìwàláàyè oyin ní àyíká wa.

Ọba ni, kì í ṣe ayaba

Àwọn kan máa ń kọ 'ayaba oyin' nígbà tí wọ́n bá ń túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àṣìṣe ni. Ìyàwó ọba ni à ń pè ní ayaba, kò sì sí ọba ọkùnrin kankan nínú ilé oyin. Ọ̀rọ̀ náà 'ọba' kò sọ akọ tàbí abo ní èdè wa. Nítorí náà, 'ọba oyin' tàbí 'ìyá oyin' ni ó bá a mu. Kì í sì í ṣe ìdílé ni a fi ń jẹ oyè náà, oúnjẹ ni. Ìdin abo tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń fún ní oje funfun tí ń sun láti orí wọn, láìdáwọ́ dúró, ni yóò di ọba. Èyí tí wọ́n bá pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀ sí oyin àti lẹ́búlẹ́bú òdòdó lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta yóò di òṣìṣẹ́.

Bí a ṣe ń bí akọ àti abo

Nígbà èwe ọba nìkan ni ó máa ń fò jáde lọ gùn. Yóò kó àtọ̀ àwọn akọ pamọ́ sínú àpò kan ní ikùn rẹ̀, yóò sì máa lò ó fún ọdún bíi mélòó kan. Ẹyin tí àtọ̀ bá kàn ni ó ń di abo. Èyí tí àtọ̀ kò kàn ni ó ń di akọ. Ní ọdún 1845 ni Jan Dzierzon, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan ní Silesia, gbé àlàyé yìí jáde. Okùn tín-ín-rín tí ń gbé àbùdá ìran, tí à ń pè ní kírómósómù, jẹ́ 32 nínú sẹ́ẹ̀lì abo, ṣùgbọ́n 16 péré ni ti akọ. Akọ oyin kò ní bàbá, ṣùgbọ́n ó ní bàbá àgbà, èyí tí í ṣe bàbá ìyá rẹ̀.

Àǹfààní bàbá púpọ̀

Akọ tí ń gun ọba kan máa ń tó mẹ́wàá sí ogún, láti inú ilé oyin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìwọ̀n ooru 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tàbí kí ó dín díẹ̀, ni ìdin ń fẹ́. Bí ilé bá gbóná jù, àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi ìyẹ́ fẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ bàbá kan a tètè bẹ̀rẹ̀. Ti bàbá mìíràn a dúró títí ooru yóò fi le sí i. Èyí ni kì í jẹ́ kí ilé wọn gbóná tàbí kí ó tutù lójijì. Bákan náà, àìsàn kì í tètè ran gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n bí akọ bá ṣọ̀wọ́n ní agbègbè kan, ọba lè gba àtọ̀ ìbátan rẹ̀. Àbùdá kan wà tí ó ń pinnu akọ tàbí abo. Bí èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ ìyá wá bá jọ ti bàbá gẹ́lẹ́, ẹyin tí ó yẹ kí ó di òṣìṣẹ́ yóò di akọ tí kò wúlò. Àwọn òṣìṣẹ́ a sì jẹ irú ìdin bẹ́ẹ̀.

Ewu tí ó wà ní àyíká

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹni tí ó fi iná sun oyin inú igi kò pa ilé kan ṣoṣo. Ó tún gba akọ lọ́wọ́ àwọn ilé tí ó kù nítòsí. Gígé àwọn igi ńlá tí ó ní ihò ń ṣe bákan náà.

Oògùn apakòkòrò ni ewu kejì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka àbùdá oyin tán ní ọdún 2006, wọ́n rí i pé àbùdá tí ń bá májèlé jà nínú ara oyin kéré púpọ̀ sí ti eṣinṣin àti ẹ̀fọn. Oògùn tí à ń pè ní neonicotinoid ń ba iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára jẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti mú kí oyin ṣìnà ilé. Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù dín lílo mẹ́ta nínú wọn kù ní ọdún 2013. Ní ọdún 2018, wọ́n fòfin de lílò wọn ní ìta gbangba.

Ìkádìí

Ẹ̀yin olùkọ́ àti olùdánwò ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá yan àyọkà lórí oyin, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò dáadáa kí a tó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì tàbí kí a tó fà á lé e lọ́wọ́. Àwọn kan nínú wọn ń bá bàbá wọn lọ gé oyin. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu wa pé èéfín ni kí á lò, kì í ṣe iná, àti pé kí á fi afárá tí ìdin wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ní ti ọmọ tí ó bi mí ní ìbéèrè, mo padà lọ dá a lóhùn lójú gbogbo kíláàsì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.