Ìjọ́hẹn Ńkọ́? Ohun Tí Àwọn Ọmọ Wa Rí Nínú Eré Ṣóyínká

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ mi obìnrin àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta jókòó yí tábìlì wa ká ní Downsview. Wọ́n ní ìjíròrò kan ní kíláàsì lórí The Lion and the Jewel, eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ, tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn lọ́dún 1959. Mo ń dín dòdò, ṣùgbọ́n etí mi wà lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ìtàn náà. Sidi ni arẹwà abúlé Ilujinle. Lakunle, tíṣà abúlé, ní òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ òun ò ní san owó orí, torí ìwà ará oko ni. Sidi ní bí kò bá sí owó orí, àwọn èèyàn á sọ pé wọn ò bá òun nílé. Baroka, Baálẹ̀ tó ti pé ọdún 62, náà fẹ́ fi í kún àwọn ìyàwó rẹ̀.

Kíá làwọn ọmọ pín sí méjì. Ọ̀kan ní òótọ́ ni Lakunle sọ, rírà ni wọ́n ń ra obìnrin. Èkejì ní irọ́ o, nígbà ìdána ẹ̀gbọ́n òun, wọ́n dá owó orí padà, wọ́n ní àwọn kì í ta ọmọ. Díẹ̀ ló kù kí n pàtẹ́wọ́. Àfi bí ọmọ mi ṣe ní: "Ó dáa, ṣùgbọ́n ta ló bi Sidi léèrè?"

Gbogbo wọn dákẹ́. Baroka parọ́ fún ìyáálé rẹ̀ pé agbára ọkùnrin òun ti tán, kí Sidi lè wá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó dé, ó fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án, ó ṣèlérí pé àwòrán rẹ̀ á wà lára sítáǹbù, ó sì bá a sùn. Lakunle kédàárò díẹ̀, ó wá ní òun á ṣì fẹ́ ẹ, owó orí ṣáà ti kúrò nílẹ̀! Lóòótọ́, Sidi fúnra rẹ̀ ló lọ fẹ́ Baroka níkẹyìn, àmọ́ ìgbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́ ni.

Ọmọ mi yíjú sí mi: "Mọ́mì, ṣé àṣà wa nìyí?"

Ẹ̀yin òbí, àwa tí wọ́n bí síbí, ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń há wa lọ́rùn. Ká gbèjà gbogbo ẹ̀ ni, àbí ká da gbogbo ẹ̀ nù? Mo pe ìyá mi lórí fóònù.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni màmá wí, "ṣé ẹ ò mọ ìjọ́hẹn ni?" Wọ́n ṣàlàyé pé lẹ́yìn ìfojúsóde, tí alárinà ti ń lọ tó ń bọ̀, ọjọ́ kan ń bẹ tí ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ á sọ pé "hẹn". Àwọn mìíràn ń pè é ní ìṣíhùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìtọrọ, kó tó kan ìdána. "Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé ló tẹ̀ lé e o. Àwọn kan ń fi ọmọ fọ́kọ láti kékeré. Ìyẹn ò dáa, ẹ má bá wọn gbèjà ẹ̀."

Láti 2015, òfin Kánádà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fipá mú èèyàn ṣègbéyàwó, ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 ò sì lè gbéyàwó rárá. Ẹ ò rí i pé òfin yìí àti ìjọ́hẹn kò bára wọn jà.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá mú eré yìí wálé, ẹ má fi owó orí bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í pé: ta ló bi ọmọbìnrin náà léèrè? Ṣé ó lè sọ pé rárá? Ẹ bi àwọn ọkùnrin náà.

Dòdò mi jóná lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kọ "ìjọ́hẹn" sókè ìwé wọn, tàmì-tàmì.