Ọjọ́ Méjì Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Rọpárọsẹ̀ Kékeré

Ife bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu bí ẹni tó mutí yó. Kí ará ilé tó rí ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Aláìsàn ní ara òun ti yá, kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn. TIA làwọn dókítà ń pe èyí, rọpárọsẹ̀ kékeré. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ fún ìgbà díẹ̀, tó sì tún ṣí.

Ara tó yá yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Orísun ẹ̀jẹ̀ dídì náà ṣì wà níbẹ̀: ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ iṣan ọrùn, tàbí ọkàn tí kì í lù déédéé. Ní Kalifọ́níà, dókítà kan, S. Claiborne Johnston, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé 1,707 èèyàn tó gbé TIA dé ọ̀dọ̀ dókítà pàjáwìrì. Ọdún 2000 ni àbájáde ìwádìí wọn jáde. Kí 90 ọjọ́ tó pé, rọpárọsẹ̀ gidi ti kọlu 180 nínú wọn. Ọjọ́ méjì péré ni nǹkan bí ìdajì fi dé.

Ní 2007, wọ́n gbé òdiwọ̀n ABCD2 jáde láti fi wọn ewu yìí, máàkì méje. Ẹni ọgọ́ta ọdún sókè gba máàkì kan, ìfúnpá 140/90 sókè gba kan, àtọ̀gbẹ gba kan. Apá tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan tó rọ gba méjì. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan ló dàrú, kan. Bí àmì bá pẹ́ tó wákàtí kan sókè, méjì; ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí 59, kan. Ẹni tó gba mẹ́fà tàbí méje, nǹkan bí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn ni rọpárọsẹ̀ ń kọlù láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ má jókòó sílé máa ṣírò o: rọpárọsẹ̀ ń mú ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré náà, ìlànà Bìrìtìkó sì ti ní kí wọ́n má fi máàkì pinnu ẹni tí yóò tètè rí dókítà mọ́.

Ohun tó wú mi lórí jù ṣẹlẹ̀ ní Oxford, lọ́dọ̀ dókítà Peter Rothwell. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á kọ lẹ́tà sí dókítà ìdílé, nǹkan bí ogún ọjọ́ á kọjá kí oògùn tó dé ọwọ́ aláìsàn. Nígbà tí wọ́n wá ń fún un ní oògùn lọ́jọ́ kan náà, rọpárọsẹ̀ láàárín 90 ọjọ́ já wálẹ̀ láti 10.3 sí 2.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí oògùn tuntun níbẹ̀: aspirin, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀.

Bí àmì bá ṣì wà lára, ẹ má fún un ní aspirin nílé, nítorí iṣan lè ti bẹ́ nínú ọpọlọ. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí sílẹ̀. Dókítà yóò bèèrè rẹ̀.