Ẹ̀tọ́ Ẹni tí Ìbọn Bà, àti Ọgbẹ́ tí Ojú Kò Rí

Ẹ̀yin ará mi ní Command,

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, 20 September 2009, ní agbègbè Ẹ̀gbẹ́dá níhìn-ín, Ọ̀gbẹ́ni Bayo Ohu, akọ̀wé ìròyìn The Guardian, ń múra àti lọ sí ilé ìsìn nígbà tí àwọn agbébọn dé ilé rẹ̀ tí wọ́n sì yìnbọn lù ú. Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà wí pé nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, a kọ̀ láti tọ́jú rẹ̀ nítorí pé kò sí ìwé ọlọ́pàá. Ó kú.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì gbàgbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2017 pàṣẹ pé gbogbo ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, ìbáà ṣe ti ìjọba tàbí ti aládàáni, gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹni tí ìbọn bà lójú ẹsẹ̀, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o. Owó àsansílẹ̀ wà o, kò sí o. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2 tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì dúró wòran títí aláìsàn fi kú, lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5.

Ṣùgbọ́n ará Samáríà nì kò padà lẹ́yìn tí ó di ọgbẹ́ tán. Ó sanwó ìtọ́jú ọjọ́ tí ń bọ̀ pẹ̀lú. Níhìn-ín ni àwa ará ìjọ ti ń kùnà. A ṣe ìdúpẹ́ pé ẹ̀mí kò bọ́, a sì retí kí ọ̀ràn náà tán síbẹ̀. Ẹni náà kò rí oorun sùn. Bí ilẹ̀kùn bá dún gbà, ara rẹ̀ a gbọ̀n. Ojú ẹni tí ó na ìbọn sí i kò kúrò níwájú rẹ̀. Bí èyí bá kọjá oṣù kan tí kò rọlẹ̀, àwọn oníṣègùn kà á sí àìsàn tí ó gba ìtọ́jú: ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú ẹni tí a kọ́ níṣẹ́ náà, nígbà mìíràn oògùn pẹ̀lú. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Èmi pàápàá ti sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí pé kí ó sáà gbàgbé. Mo kábàámọ̀ rẹ̀.

Orúkọ Yábàá ń bà wá lẹ́rù, nítorí pé ilé ìhámọ́ ni a kọ́kọ́ fi ibẹ̀ ṣe ní 1907. Ilé ìwòsàn ni lónìí, òfin ìlera ọpọlọ ti January 2023 sì ti rọ́pò òfin wèrè ti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ti obìnrin tí a fi ipá bá lò, Mirabel Centre ní Ìkẹjà ti ń tọ́jú ara àti ọkàn irú wọn lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2013. Kí ó yára dé ibẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá, nítorí oògùn tí ń dènà àrùn HIV.

Ilé ẹjọ́ sì lè pàṣẹ kí ọ̀daràn tí a dá lẹ́bi san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí ó ṣe léṣe. Nítorí náà, kí olúkúlùkù pa gbogbo ìwé tí dókítà bá kọ fún un mọ́, ẹ̀rí ni.